Fóònù mi ní 33, òwú tútù ní 17

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Kìn-ín-ní, mo sọ fún àbúrò mi obìnrin pé kó fi súwẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀ nílé. Mo ti wo fóònù mi. Fóònù sọ pé ọ̀sán ọjọ́ yẹn máa gbóná dé 33°C. Mo ní, "Súwẹ́tà kí lo fẹ́ wọ̀ nínú oòrùn tó ń bọ̀ yìí? Ṣé kí wọ́n lè tún fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" Ó wò mí, ó ní, "Bọ̀dá mi, òtútù ń mú mi o." Mo dá a lóhùn pé òtútù àárọ̀ lásán ni, pé tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án á ti lọ. Ó bọ́ súwẹ́tà náà sórí àga, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Genotype rẹ̀ ni SS.

Mo máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà, torí tí mi ò bá sọ bí ojú ọjọ́ ṣe yí láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rọ̀ yìí ò ní yé yín dáadáa. Físíìsì ni mò ń kà fún oyè kejì ní yunifásítì tó wà ní Ọyẹ́-Èkìtì, ilé wa sì wà ní Ìkọ̀lé. (Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó wà l'Ékòó máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé èmi nìkan ló lè lọ sí Ọyẹ́ lọ kàwé nípa ọyẹ́. Mo ti gbọ́ àwàdà yẹn tó, ẹ jọ̀ọ́.) Láti ìparí ọdún tó kọjá ni mo ti ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ ojú ọjọ́ sí láràárọ̀ àti lọ́sàn-án. Irinṣẹ́ tí mò ń lò, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Tẹmómítà méjì ni, mo so wọ́n mọ́ pákó kan, mo gbé e kọ́ sí ibi tí oòrùn ò lè pa á lẹ́yìnkùlé. Ọ̀kan gbẹ. Èkejì, mo fi òwú àtùpà we ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì ti ìdí òwú náà bọ inú ìgò kékeré tí omi wà nínú rẹ̀, kí òwú lè máa tutù ní gbogbo ìgbà. Mo máa ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí n tó kà á. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti tó nǹkan bí igba ọdún tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ń lo irú nǹkan báyìí, kò sì nílò bátìrì tàbí dátà.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín ní Ìkọ̀lé pé ọyẹ́ ń bọ̀, ẹ máa fi rẹ́rìn-ín ni. Kùrukùru bo ojú ọ̀nà ní ìdájí débi pé àwọn ọlọ́kadà ń tan iná. Ìrì sẹ̀ sórí koríko, bàtà mi ti rin kí n tó dé títì. Ní aago mẹ́fà àárọ̀, tẹmómítà gbígbẹ ka 23°C. Ní aago méjì ọ̀sán, gbígbẹ ka 32, tútù ka 25. Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì jẹ́ 7. Afẹ́fẹ́ wúwo, òógùn ò gbẹ lára, ṣòkòtò jíǹsì tí mo sá ní ọ̀sán ṣì tutù nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ńṣe ni ọyẹ́ máa ń dé lẹ́ẹ̀kan, á jókòó tì wá, tó bá sì di ìgbà ooru á dìde, á lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du orí wa. Ọ̀kan ń ti gúúsù bọ̀ láti orí òkun, omi kún inú rẹ̀. Èkejì ń ti àríwá bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, òun gbẹ bíi kílíṣí. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé kì í dúró lójú kan. Nínú oṣù Kẹjọ, ó máa ń gòkè lọ jìnnà, á wọ inú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, ìdí nìyẹn tí òjò fi ń rọ̀ títí dé òkè Hausa. Nínú oṣù Kìn-ín-ní, á sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìtòsí etí òkun. Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó wà láàárín ìlà-ìbú 7 àti 8. Ìyẹn ni pé ní àsìkò yìí, ìtòsí ààlà gan-an la kọ́lé sí. Tí ààlà náà bá sún sókè díẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun la máa mí símú lọ́jọ́ yẹn. Tó bá sún sísàlẹ̀, ti aṣálẹ̀ ni. Èèyàn lè sùn sínú ọ̀kan kó jí sínú èkejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, afẹ́fẹ́ yí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbá lẹ́ẹ̀mejì. Mo jáde lọ wò ó, mo rí i pé èéfín ìdáná àwọn ará ilé kejì, tó ti ń fẹ́ lọ sápá òkè látàárọ̀, ti ń fẹ́ wá sápá tiwa. Màmá àgbà ò jáde rárá. Wọ́n bu omi mu nínú àmù tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá wọn, wọ́n ní, "Ọyẹ́ ti wọlé o. Omi yìí ti tutù." Mo wo fóònù mi. Ó ṣì ń fi àwòrán ìkùukùu hàn mí. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àmù yẹn sọ́kàn, mo ṣì ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni eruku dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékìtì mọ bó ṣe máa ń rí: oòrùn yọ, ó funfun bí òṣùpá, èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú (ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ ṣá o, kò dáa fún ojú). Àwọn òkè tá a máa ń rí látẹnu ọ̀nà wa ti pòórá. Gbogbo ètè ló ń là. Mo máa ń fẹ́ káwọn èèyàn mọ ibi tí eruku yẹn ti ń wá, torí ìtàn rẹ̀ ń yà mí lẹ́nu títí dòní. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti Bodélé, kòtò ńlá kan ní ilẹ̀ Chad, ó ju 1,500 kìlómítà lọ sí ọ̀dọ̀ wa. Nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, abẹ́ omi ni ibẹ̀ wà. Adágún Chad ìgbà yẹn tóbi gan-an ju èyí tó kù báyìí lọ. Nínú omi náà ni àwọn ohun abẹ̀mí tíńtín kan tí ojú lásán ò lè rí ń gbé, tí wọ́n ń fi nǹkan bíi gíláàsì ṣe ìkarahun fún ara wọn. Wọ́n ń kú, ìkarahun wọn ń rì sísàlẹ̀, ó ń jọ gègèrè. Nígbà tí adágún gbẹ, ìkarahun yẹn di eruku funfun. Àwọn òkè ńlá méjì, Tibesti àti Ennedi, wà lápá ọ̀tún àti òsì ibẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín wọn kọjá bí omi ṣe ń gba ojú páìpù tóóró. Ó ń gbé eruku náà wá bá wa, ó ń gbé òmíràn kọjá orí òkun títí dé igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Èyí tẹ́ ẹ fi àkísà nù lórí tábìlì yín láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìkarahun ohun tó gbé inú omi láyé ọjọ́un wà nínú rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe eruku ni mo fẹ́ ká jókòó lé lórí lónìí. Ẹ wo ohun tí mo kọ sínú ìwé mi lọ́jọ́bọ̀ yẹn. Àárọ̀: 17°C. Aago méjì ọ̀sán: gbígbẹ 31, tútù 16.

Ẹ tún un kà. Tẹmómítà méjì tó wà lórí pákó kan ṣoṣo, tí kò ju ìka mẹ́rin lọ láàárín wọn. Ọ̀kan ní ooru ń mú. Èkejì ní òtútù ń mú. Ìyàtọ̀ 15.

Ọ̀rọ̀ omi ni. Kí omi tó lè di afẹ́fẹ́, ó gbọ́dọ̀ gba ooru, ibi tó wà náà ló sì ti máa gbà á. Kì í sì í gba díẹ̀. Ooru tí gíráàmù omi kan máa gbà kó tó gbẹ, ó ju ìlọ́po márùn-ún èyí tẹ́ ẹ máa fi se é láti ìgbà tó ṣì jẹ́ omi tó tutù bíi yìnyín títí á fi hó. Lọ́jọ́ Ajé, omi ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, òwú mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè gbẹ, torí náà kò tutù púpọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, tí mo bá ṣírò rẹ̀ dáadáa, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ kò tó ìdá kan nínú márùn-ún èyí tó lè gbà. Ebi omi ń pa afẹ́fẹ́ náà. Gbogbo ohun tútù tó bá rí, á mu ún: òwú, ètè, ojú, imú, ewé kòkó, aṣọ lórí okùn. Bó sì ṣe ń mu ún ló ń kó ooru lọ.

Iṣẹ́ àmù Màmá àgbà nìyẹn. Amọ̀ máa ń jẹ́ kí omi díẹ̀díẹ̀ yọ sí ara àmù níta, omi yẹn á gbẹ, á sì gbé ooru èyí tó kù nínú lọ. Lásìkò òjò, àmù kàn ń ṣe bó ṣe lè ṣe ni. Tí ọyẹ́ bá dé, ó di fíríìjì. Ìyẹn ni pé tẹmómítà tútù ti wà nínú yàrá Màmá àgbà kí wọ́n tó bí màmá mi, ó sì mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé ṣáájú fóònù mi. Àwọn tó ṣe èdè Yorùbá pàápàá, ó jọ pé wọ́n mọ nǹkan kan: a ń sọ pé ilẹ̀ *tutù* tí omi bá dà sí i, a ń sọ pé omi fíríìjì *tutù*, inú ọ̀rọ̀ kan náà la sì ti rí òtútù. Òyìnbó máa ní ọ̀rọ̀ méjì ni. Àwa fi ẹyọ kan sọ ọ́. Mi ò sọ pé físíìsì ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ lásìkò ọyẹ́, ọ̀rọ̀ kan yẹn péye ju ti wọn lọ.

Ní kúkúrú, èmi tí mo ti fọwọ́ ara mi kọ "31, 16" sínú ìwé lọ́jọ́bọ̀, èmi náà ni mo jí lọ́jọ́ Jímọ̀, tí mo wo fóònù, tí mo sì sọ fún ọmọ tí òtútù ń mú pé kó bọ́ súwẹ́tà sílẹ̀. Nọ́ńbà tó yẹ kí n wò wà nínú àpò mi.

Ilé-ìwé wọn ń retí àlejò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ fọ kíláàsì, kí wọ́n fọ àga àti tábìlì. Ó pọn omi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ń dà sí i lára, iwájú yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ rin gbindin, kò sì sẹ́ni tó kà á sí, torí oòrùn mú. Ta ló ń ronú òtútù ní 33°C? Lẹ́yìn náà ló gun ọ̀kadà wálé, aṣọ tútù lára, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń kọlù ú láyà. Ní àsìkò yẹn gan-an, mo wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ mi, mò ń kọ ọ́ sínú ìwé: gbígbẹ 33, tútù 17. Inú mi ń dùn pé ìyàtọ̀ ti di 16. Èyí tó ga jù lọ látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. A fún un lóògùn tí dókítà ti ní ká máa fún un, a fún un lómi mu dáadáa, ìyá mi fi aṣọ gbígbóná pa á lẹ́sẹ̀. Tó bá di aago kan òru, kò lè sunkún mọ́, ó kàn ń mí ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wà nínú yàrá pẹ̀lú ẹni tí crisis mú, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ; ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ẹ má tọrọ rẹ̀. Ará ilé wa kan gbé mọ́tò jáde. A gba Ọyẹ́, a gba Ìfàkì, a dé ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó. Lójú ọ̀nà, eruku ń fò nínú iná mọ́tò bí ìgbà tí èfọn bá pọ̀.

Dókítà tó gbà wá, ọ̀dọ́ ni, bóyá ló fi ọdún mélòó kan jù mí lọ. Wọ́n gbé omi sí i lára, wọ́n fún un lóògùn ìrora, wọ́n bi wá ní ìbéèrè oríṣiríṣi. Èyí kan wà níbẹ̀ tó wọ̀ mí lára: "Ṣé omi kan aṣọ ẹ̀ lónìí?"

Mi ò lè dáhùn. Àbúrò mi ló dáhùn, láì la ojú: "Mo sọ fún bọ̀dá mi pé òtútù ń mú mi."

Ẹ jẹ́ kí n ṣọ́ra níbi báyìí, torí sáyẹ́ǹsì là ń ṣe níhìn-ín. Crisis kan lẹ́yìn ọ̀sán kan kò fi dandan hàn pé ohun kan ló fa èkejì. Ó lè jẹ́ pé kò mu omi tó lọ́jọ́ náà, ó lè jẹ́ iṣẹ́ tó ṣe, ó lè jẹ́ gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Ohun tá a mọ̀ nípa fọ̀níkú-fọ̀ladìde rèé. Ẹ̀jẹ̀ SS máa ń yí ìrísí padà sí bíi dòjé tí ọ́síjìn inú rẹ̀ bá ti dín kù. Tí awọ ara bá tutù lójijì, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àyè tí sẹ́ẹ̀lì ní láti yí padà kó tó dé ibi tó ti máa rí ọ́síjìn á gùn sí i. Tí omi ara náà bá tún dín kù, bí ọyẹ́ ṣe máa ń dín in kù láìjẹ́ pé èèyàn rí òógùn, ọ̀rọ̀ á burú sí i. Sẹ́ẹ̀lì á dí ọ̀nà, ìrora á dé.

Àwọn olùwádìí ò tíì fẹnu kò lórí òtútù o. Ní ìlú kan, wọ́n á rí i pé ọjọ́ òtútù ń mú kí èèyàn pọ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ní ìlú mìíràn, wọn ò ní rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn King's College ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde lọ́dún 2005. Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù yẹn kan náà ni, níbi tí àwọn èèyàn wa kún fọ́fọ́. Wọ́n wo ọjọ́ tí àwọn tó ní àìsàn yìí wọ ilé ìwòsàn nítorí ìrora, wọ́n fi wé ojú ọjọ́. Bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tàbí tutù lórí tẹmómítà kò já mọ́ nǹkan kan. Òjò náà kò já mọ́ nǹkan kan. Àwọn ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ le, àti àwọn ọjọ́ tí omi inú afẹ́fẹ́ kéré, ni ìrora pọ̀. Afẹ́fẹ́ tó le, tó sì gbẹ. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti wádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé Ìkọ̀lé lóṣù Kìn-ín-ní, ó mọ orúkọ afẹ́fẹ́ yẹn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní nǹkan kan tí mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Ká yéé fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ṣe ìwọ̀n ọyẹ́. Tẹ́ ẹ bá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà ọyẹ́, ẹ máa rí i: ẹnì kan á ya àwòrán fóònù rẹ̀ tó ka 17°C láàárọ̀, àwọn tó wà ní Kánádà á máa bú u pé ọ̀lẹ ni, pé àwọn wà nínú yìnyín. Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Mo ti bá wọn rẹ́rìn-ín rí. Àmọ́ 17 ti àárọ̀ kọ́ ló yẹ ká máa jiyàn lé lórí. 17 kejì, èyí tó sá pamọ́ sínú òwú ní aago méjì ọ̀sán nígbà tí gbogbo ayé ń pariwo ooru, òun ló léwu, torí kò sẹ́ni tó ń múra dè é.

Èmi ò sọ pé ara ọmọ tí aṣọ rẹ̀ tutù máa di 17°C. Ara ń pèsè ooru, kò ní jẹ́ kó dé bẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń fa aṣọ náà lọ, ara sì ní láti máa bá a fà á. Ara tèmi lè fà á. Òógùn mi gbẹ, ara mi tù mí, mo ní ọyẹ́ dára. Àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ní etíkun wa náà sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n tiẹ̀ pe ọyẹ́ ní "Dókítà" torí ó ń lé ọ̀rinrin tó ń dà wọ́n láàmú lọ. Àwọn àgbẹ̀ tó ń sá kòkó náà ò ní bá wọn jiyàn, torí kòkó ń gbẹ kíákíá lásìkò yìí. Ó sinmi lórí ara ta la wà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní AS, torí náà ó ṣòro kí ilé-ìwé kan wà tí kò ní sí ọmọ SS níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kò gbówó lórí. Kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní tẹmómítà méjì lórí pákó, kí òwú àtùpà sì wà lórí ọ̀kan. Àwọn ọmọ kíláàsì sáyẹ́ǹsì ni kó máa kà á, ó ṣe tán, ó wà nínú ẹ̀kọ́ físíìsì wọn, wọ́n kàn ń yà á sínú ìwé ni láìfojú rí i. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà tútù náà sórí pátákó lójoojúmọ́. Tí ìyàtọ̀ bá ti kọjá 12 (èmi ni mo yan 12, láti inú ìwé mi, ẹni tó bá ní àkọsílẹ̀ tó ju tèmi lọ lè yan òmíràn), kí wọ́n má fi omi fọ ohunkóhun lọ́jọ́ yẹn, kí ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá tutù pààrọ̀ rẹ̀, kí ọmọ tó bá ní òun fẹ́ wọ súwẹ́tà ní aago méjì ọ̀sán wọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ilé-ìwé kan ní òfin pé súwẹ́tà gbọ́dọ̀ kúrò lára lẹ́yìn àpéjọ àárọ̀. Ẹni tó ṣe òfin yẹn, tẹmómítà kan ṣoṣo ló wò, bíi tèmi.

Àwọn tó ń ka ojú ọjọ́ lórí rédíò náà. Tí ìkéde ọyẹ́ bá ti ọ̀dọ̀ NiMet jáde, ibi tí ojú lè ríran dé ni wọ́n sábà máa ń sọ, ní kìlómítà. Ó dáa, awakọ̀ òfuurufú nílò rẹ̀, awakọ̀ ilẹ̀ náà nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ lè wà láìsí eruku. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí, eruku ti dín kù ju ti ọjọ́bọ̀ lọ, a ti ń rí òkè díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn ń sọ pé ọyẹ́ ti ń lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ló gbẹ jù. Tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá lè fi gbólóhùn kan kún un pé, "Lọ́sàn-án òní, ohun tútù máa tutù dé 17," ìyá tó ń dáná á gbọ́, á sì yé e.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo sọ gbogbo èyí fún ní, àwọn èèyàn lè kàn wo humidity lórí áàpù. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá fa ojú fóònù sísàlẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí pé kì í ṣe pé ẹnì kan dúró sí Ìkọ̀lé pẹ̀lú tẹmómítà tó ń fi ránṣẹ́ sí áàpù yín. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó máa ń gbìyànjú, mo gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú yẹn, àmù ló gbà á.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá àbúrò mi sílẹ̀. Kí ó tó dìgbà yẹn, ààlà ti tún sún sókè. Ìrì ti padà sórí koríko, òwú mi ka 24 lọ́sàn-án nígbà tí èyí tó gbẹ ka 32. Tẹ́ ẹ bá wo nọ́ńbà fóònù nìkan, 33 àti 32, ẹ máa ní ojú ọjọ́ kan náà ni.

Láti ìgbà yẹn, kó tó lọ sílé-ìwé, ó máa ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, ó sì ń pariwo nọ́ńbà náà sí mi látìta kí n kọ ọ́. Láàárọ̀ àná, ìyàtọ̀ ò ju 2 lọ. Mo ní ọjọ́ òní á dáa. Ó ní, "Ẹ ṣé, Bọ̀dá mi," ó sì ká súwẹ́tà rẹ̀ sínú báàgì.